Ohun Tó Ń Dá Aláboyún Ìgbèríko Dúró

Bí aláboyún bá kú lórí ìkúnlẹ̀ ní ìgbèríko, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwa ará ìgboro ni pé àìmọ̀kan ló pa á. A ó ní kí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí nígbà tí ilé ìwòsàn wà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìwádìí ti fèsì sí ìbéèrè yẹn, èsì náà kò sì dá aláboyún lẹ́bi.

Lọ́dún 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò nípa ikú abiyamọ láwọn ilẹ̀ tí kò lówó. Ìdádúró mẹ́ta ni wọ́n tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ wà nílé: ta ni yóò ní kí wọ́n gbéra, ọwọ́ ta lowó wà, ṣé ọkọ ti ti oko dé? Ìkejì wà lójú ọ̀nà. Ìkẹta ni èyí tí a kì í fẹ́ sọ, nítorí inú ilé ìwòsàn gan-an ló wà: nọ́ọ̀sì lè má sí, ẹ̀jẹ̀ lè má sí, wọ́n sì lè ní àfi kí owó kọ́kọ́ wọlé kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn.

Ibi tó yẹ ká ti fara balẹ̀ ni bí ìkẹta yìí ṣe ń bí àkọ́kọ́. Obìnrin tó gbọ́ pé aládùúgbò òun gun ọ̀kadà lóru dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, tó sì bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò ní yára gbéra nígbà tí ìrọbí bá mú òun náà. Ìwà òmùgọ̀ kọ́ nìyẹn. Ìyá agbẹ̀bí wà nítòsí, ó ń jí lóru, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lẹ́yìn tí ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ ni ọ̀ràn ń yíwọ́, torí wákàtí díẹ̀ tó láti pa ẹni tí ara rẹ̀ le koko.

Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí wọ́n bí nígboro, 61 ni wọ́n bí sílé ìwòsàn; ní ìgbèríko, 26 péré ni. Ó ṣírò rẹ̀ pé abiyamọ 512 ló ń kú fún gbogbo ọmọ 100,000 tí a bí láàyè.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó mú ìmọ̀ ìdádúró mẹ́ta yìí lò. Lọ́dún 2009, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, tó jẹ́ dókítà, ètò Àbíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Òṣìṣẹ́ ìlera ń gun alùpùpù lọ wo àwọn aláboyún nílé, wọ́n fún àwọn ìyá ní fóònù tí wọ́n ó fi pe òṣìṣẹ́ náà, ìtọ́jú sì di ọ̀fẹ́. Wọ́n fi ìdádúró kẹrin kún mẹ́ta tó wà nílẹ̀: àkókò tó ń ṣòfò nígbà tí ilé ìwòsàn kékeré bá fẹ́ fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ńlá. Lẹ́yìn náà, ètò Agbẹ̀bíyè tí ìpínlẹ̀ náà tún gbé kalẹ̀ kò lé àwọn ìyá agbẹ̀bí dànù. Ó san owó fún wọn lórí aláboyún tí wọ́n mú wá. Èyí tí mo kà sí jù lọ ni òfin ìpínlẹ̀ náà lọ́dún 2010 tó ní kí wọ́n máa wádìí ikú abiyamọ, kì í ṣe láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe láti mọ ibi tí ìdádúró ti wáyé.

Kíkọ́ ilé ìwòsàn nìkan kò lè gba ẹ̀mí là. Òfin ìlera ọdún 2014 sì ti ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó jọ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí ẹ tó kọ́ ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ bi alága ìjọba ìbílẹ̀ yín léèrè: nọ́ọ̀sì wo ló ń sùn sí èyí tó wà nílẹ̀ lóru, ọkọ̀ wo ni yóò sì gbé aláboyún bí ọ̀ràn bá le? Ẹ má kúrò níwájú rẹ̀ títí yóò fi dárúkọ nọ́ọ̀sì náà.