Ẹ̀ṣọ́ Ara àti Ọkàn Tí Ó Le

Bí àgbàlagbà kan ní Ṣakí bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú, ẹ̀jẹ̀ ríru ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n amyloidosis náà ń bẹ. Ẹ̀dọ̀ wa ń pèsè purotéènì kan, transthyretin, tí ó ní ẹ̀ka mẹ́rin tí ó so pọ̀. Bí wọ́n bá tú, wọn a lọ́ mọ́ra bí òwú tí ó já lórí òfì ahunṣọ Ìsẹ́yìn, wọn a sì ṣù sínú iṣan ọkàn títí yóò fi le.

Àbùkù àjogúnbá kan wà tí ń mú kí wọ́n tú, V122I. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, bí 3 tàbí 4 ni ó ní in.

Ní 2023, àwọn oníṣègùn ròyìn àgbà ọkùnrin 3 tí àrùn yìí mú láìjẹ́ àjogúnbá, tí ọkàn wọn sì tún sàn. Nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni a ti rí ẹ̀ṣọ́ ara, ìyẹn antibody, tí ń gbógun ti ìṣùpọ̀ náà. Ọdún yẹn kan náà ni èsì NI006 jáde, ẹ̀ṣọ́ àtọwọ́dá tí a dán wò lára aláìsàn 40 ní Yúróòpù: ó jọ pé ìṣùpọ̀ náà dínkù lára àwọn tí ó gba ìwọ̀n púpọ̀. Ènìyàn 40 kéré. Nítorí náà ni ìdánwò tí ó gbòòrò fi bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Lójú tèmi, ó yẹ kí irú rẹ̀ dé ibi tí àbùkù náà ti ṣẹ̀, kí a lè mọ bí oògùn náà yóò ti ṣe lára àwọn tí ó jogún V122I.