Àáró Nínú Ọgbà Ìgbafẹ́ Ìlú

Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ọgbà ìgbafẹ́ ìlú kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ máa ń fojú hàn. Lọ́jọ́ náà, ìlù a dún, àwọn lọ́balọ́ba a jókòó, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a kọrin, ẹni ńlá a sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi. Ìgbà tí ọyẹ́ bá dé ni ọ̀rọ̀ á di gbangba. Igi tí ẹni ńlá gbìn á ti gbẹ, koríko á ti ga dé orúnkún, àwọn kan á sì ti sọ ìdí ọgbà di ààtàn. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ìlú bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni yóò máa tọ́jú ọgbà ní ọjọ́ tí kò sí ìlù?

Ìbéèrè yìí kan Ọ̀dẹ̀dá gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú àgbẹ̀ ni, ní ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn. Àpáta pọ̀ ní agbègbè náà tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta fífọ́ fi di iṣẹ́ pàtàkì níbẹ̀. Orí ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà. Bí ilé ti ń pọ̀ sí i ni ilẹ̀ gbangba tí ọmọdé lè sáré lórí rẹ̀, tí àgbàlagbà sì lè gba atẹ́gùn lábẹ́ igi níbẹ̀, ń dín kù.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn Yorùbá fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ nínú iṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, tí ó ránṣẹ́ sí ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ láti wá bá a kọ́lé tàbí kó irè oko. Yóò gbé oúnjẹ àti ẹmu kalẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti parí, oníkálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Àáró yàtọ̀. Àwọn tí agbára wọn dọ́gba ni ó ń dá a: bí wọ́n bá ro oko Òjó lónìí, ti Àjàyí ni ó kàn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti lọ sí oko ẹnìkejì mọ̀ pé gbèsè ni òun jẹ.

Ìtàn Ẹ̀gbá fi agbára àáró hàn. Nígbà tí ìyà àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ pọ̀ lápọ̀jù, Lísàbí kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ àáró. Ẹgbẹ́ yìí ni ó di Ẹgbẹ́ Olórógun, tí ó gba Ẹ̀gbá kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí ọdún 1775 sí 1780. Kí ogun tó dé ni wọ́n ti mọ ìpè, tí wọ́n ti mọ ọjọ́, tí oníkálukú sì ti mọ ẹni tí ó ṣeé fi ẹ̀yìn tì.

Ibi tí ọgbà ìgbafẹ́ ti ń já ènìyàn kulẹ̀ ni pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ a tú jáde ní Sátidé kan, wọn a gbálẹ̀, wọn a ro koríko, ó parí. Ọgbà kò sì ní oko tí yóò fi san gbèsè padà fún wọn. Ọgbọ́n tí ó lè sọ ọ́ di àáró ni pé kí wọ́n pín ilẹ̀ náà: ti ilé ẹ̀kọ́, ti àwọn ìyálọ́jà, ti ẹgbẹ́ awakọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláṣí. Bí apá kan bá wúwo ju agbára àwọn tí ó ni ín lọ, kí àwọn yòókù wá bá wọn ṣe é, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrànlọ́wọ́ náà yóò padà.

Ohun tí ó jọ èyí ni wọ́n ṣe ní New York. Central Park, tí ó tó 843 éékà, bàjẹ́ gidigidi ní àwọn ọdún 1970. Ní 1980 ni wọ́n dá Central Park Conservancy sílẹ̀ láti bá ìjọba tún un ṣe. Nígbà tí ó yá, wọ́n pín ọgbà náà sí ẹkùn 49, wọ́n fi olùtọ́jú ṣe olórí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ìdọ̀tí bá wà níbì kan, ẹni tí wọn yóò bi léèrè kò farasin.

Iṣẹ́ náà ní àkókò. Ìgbà tí òjò bá rọ̀ dunlẹ̀ ni ó yẹ láti gbin igi, kí gbòǹgbò lè rìn jìnnà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ní oṣù Kọkànlá, kí wọ́n ro ààlà yí ọgbà ká nítorí iná ìgbẹ́. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, omi ni pàtàkì, nítorí pé ilẹ̀ orí àpáta kì í pẹ́ gbẹ, igi tí kò tíì pé ọdún kan kò sì lè dá ọyẹ́ kojú.

Àwọn kan yóò ní irú iṣẹ́ báyìí ń tú ìjọba sílẹ̀ lábẹ́ ojúṣe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìjọba ni yóò wọn ilẹ̀ náà, tí yóò ri òpó ààlà, tí yóò ṣe ìwé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tà á, tí yóò sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè máa bomi rin igi láràárọ̀.

Sùúrù ni ó gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ń gé igi tí wọ́n sì ń ṣọdẹ nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Susanne Wenger àti àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú náà dìde láti tún ibẹ̀ ṣe. Apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965. Ogójì ọdún lẹ́yìn èyí, ní 2005, ni àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mọ ọjọ́ tí ó kàn án ni ọgbà ìlú ń retí.