Ṣé O Mọ̀? Bí Ìjọba Ìlú Ọba Ṣe Ń Sanwó fún Dókítà Eyín

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀fẹ́ gbáà ni ìtọ́jú eyín nígbà tí ètò ìlera NHS bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 1948? Àwọn tó ti ń fara da eyín ríro láti ọjọ́ pípẹ́ tú yáyá sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn tí eyín wọn ti ká lọ ń gba eyín àtọwọ́dá. Ìnáwó náà kọjá ohun tí ìjọba rò.

Ṣé o mọ̀ pé eyín wà lára ohun tó mú mínísítà kan fipò sílẹ̀? Aneurin Bevan, tó dá NHS sílẹ̀, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1951, nígbà tí ìjọba ní kí aláìsàn máa dá sí owó eyín àtọwọ́dá àti awò ojú.

Ṣé o mọ̀ pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2006, òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní UDA ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ dókítà eyín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì fi ń ṣírò owó rẹ̀? Àyẹ̀wò jẹ́ UDA 1. Dídí ihò eyín tàbí yíyọ eyín jẹ́ 3. Eyín àtọwọ́dá jẹ́ 12.

Ibi tó ti yani lẹ́nu nìyí: títí di ọdún 2022, ẹni tó dí ihò kan àti ẹni tó dí mẹ́fà fún aláìsàn kan, UDA 3 kan náà ni. Bí eyín aláìsàn bá ṣe bàjẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ dókítà ń pọ̀ tí owó rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Ọdún náà ni wọ́n sọ ọ́ di 5 fún eyín mẹ́ta sókè, àti 7 fún ìtọ́jú gbòǹgbò eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ.

Ṣé o mọ̀ pé owó tí wọ́n ń san fún UDA kan kò dọ́gba láti ilé ìtọ́jú kan sí èkejì? Ohun tí ilé ìtọ́jú ń pa kí ọdún 2006 tó dé ni wọ́n fi ṣírò tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé èyí tó kéré jù sí £28. Lọ́dún náà, £26.80 ni aláìsàn ń san fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ń yọ ọ́ kúrò nínú owó dókítà. Níbi tí UDA kan bá ti jẹ́ £28, ara aláìsàn tó ń sanwó ni púpọ̀ nínú owó àyẹ̀wò náà ti ń jáde.

Ṣé o mọ̀ pé dókítà tí kò bá ṣe tó ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tó bá NHS ṣàdéhùn yóò dá owó padà?

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù Kejì ọdún 2024, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tò síwájú ilé ìtọ́jú eyín kan ní Bristol tó ń gba aláìsàn NHS tuntun, débi pé ọlọ́pàá ní láti dá àwọn kan padà?

Ṣé o mọ̀ pé aláboyún, àti ìyálọ́mọ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi pé ọdún kan, kì í san kọ́bọ̀ fún ìtọ́jú eyín NHS? Bó o bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń retí ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ fún un kó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ agbẹ̀bí rẹ̀ kó tó lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.