Ohun Tí Ìyẹ́ Adìẹ Ń Sọ

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọmọ ènìyàn tó ń jìyà lábẹ́ aṣọ ni òwe yìí ń bá wí, ó sì bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé mọ̀ pé adìẹ kì í làágùn rárá. Bí oòrùn bá mú, ẹnu ló ń yà, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí yóò sì gbé apá méjèèjì kúrò lára kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Ní ti ìyẹ́ tí a ní ó ń bo àṣírí mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ló kún ẹnu rẹ̀ fún ẹni tó bá dúró wò ó dáadáa.

Mo ní àkùkọ dúdú kan. Láàárọ̀, bí mo bá ṣí ilé adìẹ tí oòrùn kan ìrù rẹ̀, ẹ kò ní pè é ní dúdú mọ́. Yóò tàn bí ewé tútù. Bó bá tún yíjú díẹ̀, yóò di elésè àlùkò, bí ìgbà tí epo ọkọ̀ bá kán sínú omi òjò lójú títì. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí aró àwọ̀ ewé kankan nínú ìyẹ́ náà. Igi kan ló wà láàárín ìyẹ́, ẹ̀ka jáde lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀ka wọ̀nyí sì tún yọ fọ́nrán tín-tìn-tín tó fi ìkọ́ kọ́ ara wọn bí òwú ṣe ń di aṣọ. Inú fọ́nrán yìí ni nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ tò sí lẹ́sẹẹsẹ, lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á ló ń pín sí àwọ̀ oríṣiríṣi. Bí ìkọ́ náà bá tú, tàbí tí ìdọ̀tí bò ó, dídán parí nìyẹn. Ẹ mú ìyẹ́ kan tó já bọ́, kí ẹ fi èékánná yà á sí méjì, kí ẹ wá fi ìka méjì fà á láti ìdí lọ sí orí. Yóò so padà lójú yín.

Iṣẹ́ tí adìẹ ń fi ẹnu ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Kókó kékeré kan wà lókè ìdí rẹ̀, níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀, tó yọrí bí orí ọmú. Òróró ló wà nínú rẹ̀. Adìẹ á yíjú sẹ́yìn, á fi ẹnu tẹ̀ ẹ́, á sì fi òróró náà ra ìyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ó lè lọ yí nínú eruku tàbí eérú, èyí tí àlejò máa ń rò pé ìdọ̀tí ni. Eruku yẹn ló ń bá a lé iná ara kúrò. Adìẹ tí ara rẹ̀ kò yá kò ní agbára gbogbo wàhálà yìí. Ìdí nìyí tí dídán fi máa ń tètè lọ, kódà nígbà tó ṣì ń jẹun. Bó bá wá wú ìyẹ́ rẹ̀, tó ká orí sọ́rùn, tó dá dúró sí kọ̀rọ̀ kan lọ́sàn-án gangan, òtútù ló ń mú un, kò sì yẹ kí ẹ dúró di ọ̀la.

Oúnjẹ náà ń hàn níbẹ̀. Nínú ìdá 100 ìyẹ́, nǹkan bíi 90 ni èròjà amúaradàgbà, irú èyí tó wà nínú ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà. Àgbàdo nìkan kò lè fún un ní èyí tó tó. Adìẹ tí a sé mọ́lé tí a ń da àgbàdo fún láàárọ̀ àti lálẹ́ lè sanra, ṣùgbọ́n ìyẹ́ rẹ̀ á gbẹ, á máa já, kò sì pẹ́ tí yóò fi máa ṣá ìyẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. Èyí tó ń ta ilẹ̀ kiri, tó ń rí ikán, ekòló àti ewé tútù jẹ, ẹ ó mọ̀ ọ́n láàárín ogún.

Nígbà kan ìyẹ́ ìrù àkùkọ mi yìí já bọ́, mo gbé e sí oòrùn. Mo rí ìlà kan tó dábùú rẹ̀, tínrín bí ẹni fi abẹ́rẹ́ fà á. Òkè ìlà náà ń dán gbinrin, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n ojú ìlà yẹn ti rọ, ó fẹ́ẹ̀ já. Mo ronú padà títí. Nígbà tí ìrù rẹ̀ ń hù lọ́wọ́, mo rìnrìn-àjò ọjọ́ mẹ́rin, ẹni tí mo fi àwọn adìẹ sílẹ̀ fún kò sì rántí wọn bó ṣe yẹ. Ebi tàbí àìsàn tó bá dé bá adìẹ nígbà tí ìyẹ́ ń hù lè fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó dùn mí, nítorí èmi ni mo fi wọ́n sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìyẹ́ tó rí wúruwùru ló jẹ́ ti àìsàn o. Adìẹ aṣa, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn, òpìpì tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ náà sì wà. Àgbébọ̀ tó sàba fún ọjọ́ 21 lè pá láyà. Èyí tí àkùkọ ń gùn léraléra lè pá lẹ́yìn. Èyí tó ń pààrọ̀ ìyẹ́, láti orí àti ọrùn ló ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í sábà yé ẹyin títí tuntun yóò fi hù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni dídán kò ní ká sùn. Ìyẹ́ tó bá ti hù tán ti kú bí èékánná. Ohun tó ti kọjá ló ń sọ. Àrùn Newcastle, tí ọ̀pọ̀ àgbà mọ̀ sí lúkúlúkú, lè wọlé lásìkò ọyẹ́ kó pa adìẹ tí ìrù rẹ̀ ṣì ń tàn. Àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. Wọ́n ń ṣe èyí tí a ń kán sójú adìẹ ìbílẹ̀ ní ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣègùn ẹranko tó wà nítòsí yín kí ọyẹ́ tó dé.

Bí ẹ bá sì lọ ra adìẹ lọ́jà, ẹ má dúró lórí ìrù. Ẹ wo ogbe rẹ̀ bóyá ó pọ́n. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ abẹ́ ìdí rẹ̀ kó là: bí nǹkan funfun bá ṣù mọ́ gbòǹgbò ìyẹ́ bí iyọ̀, ẹyin iná ni. Ẹ fọwọ́ kan eegun àyà rẹ̀, kó má mú bí ọ̀bẹ. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kí ẹ tó dà á mọ́ àwọn tó wà nílẹ̀.