Tọ̀tíyà, Oúnjẹ Ilé Mẹ́síkò

Ó ṣòro láti rí ilé kan ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ìbáà ṣe ti olówó tàbí ti tálákà, tí wọn kì í ti í jẹ tọ̀tíyà. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó rí pẹlẹbẹ, ó rí roboto bí ọmọrí ìkòkò kékeré, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a lè ká a bí ẹní. Ipò tí ẹ̀kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàrà lọ́dọ̀ Yorùbá ni tọ̀tíyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà lọ́dọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò. Òun ni wọ́n fi ń di ẹran àti ẹ̀fọ́, òun náà ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ ṣíbí nígbà tí ọbẹ̀ bá kù sí ìsàlẹ̀ àwo.

Ṣíṣe rẹ̀ kò rọrùn tó bí ojú ti rí i. Àgbàdo gbígbẹ ni ìyá ilé yóò kọ́kọ́ bọ̀ nínú omi tí ó po ẹfun mọ́, èyí tí a rí láti inú òkúta tí a fi iná sun. Yóò fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí èèpo rẹ̀ lè bó. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣàn án, tí yóò sì lọ̀ ọ́ kúnná. Láyé àtijọ́, orí ọlọ òkúta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn obìnrin ti ń kúnlẹ̀ lọ̀ ọ́ láti ìdájí, títí ẹ̀rọ fi dé ní ọ̀rúndún ogún tí ó gba eékún wọn lọ́wọ́ ìyà. Wọn a bù ú díẹ̀díẹ̀, wọn a tẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ, wọn a sì yan án lórí àwo amọ̀ tàbí irin gbígbóná láìfi epo sí i.

Iṣẹ́ ẹfun yìí ju bíbó èèpo lọ. Fítámì kan wà nínú àgbàdo tí à ń pè ní niacin, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́ débi pé ara ènìyàn kò lè rí i lò dáadáa àfi bí ẹfun bá tú u sílẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó àgbàdo lọ sí Yúróòpù, wọn kò mú ọgbọ́n ẹfun náà dání. Ní Ítálì, àti lẹ́yìn náà ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àrùn pẹ̀lágírà kọlu àwọn tálákà tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ lé àgbàdo: awọ ara wọn ń bó, inú ń ṣí wọn, orí àwọn mìíràn dàrú, ọ̀pọ̀ sì kú. Láti 1914 ni oníṣègùn Joseph Goldberger ti bẹ̀rẹ̀ sí wádìí rẹ̀, ó sì fi hàn pé àìjẹun bí ó ti yẹ ni ó fà á, kì í ṣe àkóràn. Ní 1937 ni Conrad Elvehjem fi niacin wo irú àrùn náà sàn lára ajá. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri ti wà nínú ìkòkò àwọn obìnrin Mẹ́síkò kí àwọn ará Sípéènì tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1519.

Nítorí pé òun ni tálákà fi ń yó, bí owó rẹ̀ bá gòkè, ìlú a gbóná. Ní 1999 ìjọba dáwọ́ owó ìrànwọ́ tí ó ń san lórí rẹ̀ dúró. Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní 2007, iye rẹ̀ fò sókè. Ààrẹ Felipe Calderón bá àwọn oníṣòwò ṣe àdéhùn pé kí kílò kan má ṣe ju 8.50 péésò lọ, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ́ jáde sí ìgboro olú-ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù náà.

Abájọ tí ìyá ilé kì í fi í sọ èyí tí ó ṣẹ́kù nù. Tọ̀tíyà àná a máa le, ṣùgbọ́n líle yìí gan-an ni ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ mìíràn. Wọn a gé e sí wẹ́wẹ́, wọn a dín in, wọn a sì dà á sínú ọbẹ̀ tòmátì àti ata. Èyí ni wọ́n ń pè ní chilaquiles, oúnjẹ òwúrọ̀ tí ẹyin kan tàbí wàràkàṣì díẹ̀ tó láti sọ di àsè. Wọ́n tún ń lọ èyí tí wọ́n dín mọ́ ọbẹ̀ kí ó lè ki.

Àwọn ọmọdé kò béèrè púpọ̀. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, tí a wọ́n iyọ̀ sí tí a sì ká, tó wọn ní ìpápánu. Ní ìhà àríwá, bí ilẹ̀ Sonora, ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n sábà fi ń ṣe tọ̀tíyà, irú èyí sì dára fún ohun dídùn. A ó gé e ní ọ̀já-ọ̀já, a ó dín in nínú òróró gbígbóná títí yóò fi pọ́n, a ó jẹ́ kí òróró rẹ̀ ro dànù, a ó sì wọ́n ṣúgà tí a pò mọ́ sínámónì lílọ̀ sí i. Ìgbà tí ó ṣì gbóná ni kí a wọ́n ọn, nítorí bí ó bá ti tutù, ṣúgà náà kì yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ìsàlẹ̀ àwo ni àwọn ọmọ yóò ti máa fi ìka wá a.