Ìkòkò Tó Ń Bá Oòrùn Rìn ní Atlanta

Títí oṣù kẹjọ fi ń parí lọ, ewédú inú bókẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé àwọn Yorùbá tó ń gbé Atlanta ṣì ń rú. Wọ́n á já a lónìí, á tún sọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìṣápá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ga ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n èso pupa tí a fi ń ṣe sobo kò tíì yọjú. Ẹni tó bá ti gbin ewédú rí ní Ìbàdàn tàbí Ìwó á ṣe kàyéfì, nítorí ewédú ilé kì í pẹ́ tanná. Àwọn kan á di ẹ̀bi ru ilẹ̀, àwọn mìíràn á ní irúgbìn tí àwọn rà ni kò dára. Oòrùn ló ni ọ̀rọ̀ yìí o, iye wákàtí tó fi ń ràn ni, kì í ṣe bó ṣe mú tó.

Nílé, ta ní ń ka wákàtí oòrùn? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ọ̀sán Ìbàdàn kì í jìnnà sí wákàtí 12. Ọjọ́ tó gùn jù lọ kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Ní Atlanta, ọ̀sán ìparí oṣù kejìlá kò pé wákàtí 10, ti ìparí oṣù kẹfà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14 àti ààbọ̀. Oòrùn ìgbà òtútù ibẹ̀ kì í tilẹ̀ gun òkè. Ní ọ̀sán gangan, ìhà gúúsù ló máa ń wà, bí ẹni pé kò fẹ́ kúrò lórí òrùlé aládùúgbò.

Ibẹ̀ ni wàhálà ọmọ ata ti ń bẹ̀rẹ̀. Ata rodo máa ń pẹ́ kó tó so, ìrì dídì sì lè bọ́ ní Atlanta títí wọ oṣù kẹrin. Nítorí náà, inú ilé ni wọ́n ti ń gbin ín láti oṣù kejì, nínú ike kékeré lójú fèrèsé. Ó hù, inú gbogbo ilé dùn. Kò pẹ́ tí ọrùn rẹ̀ fi gùn gbọọrọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ó tẹ̀ sọ́dọ̀ gíláàsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń dàgbà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ń rí kò tó o, ó wá ń fi ìwọ̀nba agbára inú irúgbìn wá a kiri.

Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀, Francis, wádìí títẹ̀ yìí fínnífínní. Wọ́n fi fìlà kékeré tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá dé èéhù koríko lórí, èéhù náà kò sì tẹ̀ mọ́. Nígbà tó jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n bò, ó tẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1880: orí èéhù ló ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ọrùn ló ń jẹ́ iṣẹ́ tí orí rán an. Ní àwọn ọdún 1920 ni Frits Went, ará Netherlands, fi hàn pé èròjà kan ló ń ti orí sọ̀ kalẹ̀, èyí tí a wá ń pè ní auxin. Ẹ̀gbẹ́ tí ibòòji wà ló máa ń pọ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ náà á sì gùn ju èkejì lọ. Ìdí nìyí tí fèrèsé tó kọjú sí gúúsù fi dára jù nígbà òtútù, tí a sì gbọ́dọ̀ máa yí ike padà lójoojúmọ́. Tí fèrèsé bẹ́ẹ̀ kò bá sí, iná LED tí a so sún mọ́ orí ewé, tí a ń tàn fún wákàtí 14 sí 16, á ṣe é.

Bí òtútù bá ti lọ, ẹ má ṣe gbé ọmọ ata láti yàrá bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé rẹ̀ á jó. Oòrùn àárọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi kọjá dáadáa.

Igi tún wà níbẹ̀. Ìwádìí tí Georgia Tech gbé jáde ní 2014 sọ pé orí igi bo nǹkan bí ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Atlanta. Òfin ìlú kò sì gbà kí ènìyàn gé igi tí ìdábùú rẹ̀ tó ínǹṣì 6 láìgba ìwé àṣẹ, kódà nínú ọgbà ara rẹ̀. Mo fara mọ́ òfin náà, torí igi wọ̀nyẹn ló ń mú kí ooru ibẹ̀ ṣeé fara dà. Àmọ́ ibi tí oòrùn ń ràn yòò ní oṣù kẹta, tí igi kò tíì rúwé, lè di ibòòji pátápátá kí oṣù karùn-ún tó dé. Ata, tòmátì àti ewédú ń fẹ́ oòrùn wákàtí 6 ó kéré tán. Ohun tó mú kí bókẹ́ẹ̀tì ṣàǹfààní nìyẹn: ilẹ̀ kò ṣeé gbé, bókẹ́ẹ̀tì ṣeé gbé.

Gbígbé ìkòkò kiri yìí náà ló tú àṣírí ewédú àti ìṣápá. W. W. Garner àti H. A. Allard, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní tábà kan tí wọ́n ń pè ní Maryland Mammoth. Nínú oko, ó ń ga ṣáá ni, kì í tanná kí òtútù tó pa á. Nínú ilé gíláàsì nígbà òtútù, ó ń tanná. Ní oṣù keje ọdún 1918, ní oko Arlington ní Virginia, wọ́n kọ́ ahéré kékeré kan tó ṣókùnkùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé ìkòkò tábà àti ẹ̀wà sóyà wọ inú rẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń gbé e jáde. Tábà inú ahéré tanná nínú ooru gan-an. Àwọn tó wà níta kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1920 wọ́n kéde pé gígùn ọ̀sán ni ewéko fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó so. Ní 1938, Karl Hamner àti James Bonner fi kún un pé òru gígùn tí ìmọ́lẹ̀ kò dá láàárín gan-an ló ṣe pàtàkì jù.

Ewédú àti ìṣápá wà nínú ìran àwọn tó ń dúró de ọ̀sán kúkúrú. Ọ̀sán Atlanta kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ dé wákàtí 12 àti ààbọ̀ títí oṣù kẹsàn-án yóò fi dé ìlàjì. Ìṣápá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná ní oṣù kẹwàá wá ń bá ìrì dídì oṣù kọkànlá sáré, bẹ́ẹ̀ èso rẹ̀ ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn òdòdó. Ẹni tó fẹ́ sobo lásìkò lè ṣe bí Garner àti Allard: láti àárín oṣù kẹjọ, kí ó máa gbé ìkòkò ìṣápá wọ ahéré ẹ̀yìnkùlé tó ṣókùnkùn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ó gbé e jáde ní aago mẹ́jọ àárọ̀, lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́ kan, títí òdòdó yóò fi yọ. Kí ó má sì jẹ́ kí iná òpópónà tàn sí i lóru. Ewédú ní tirẹ̀, níta ni kí ẹ fi í sí, kí ó máa rú.