Imú Ẹran Ṣáájú Kámẹ́rà: Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Àgbọ̀nrín ní Ìgbèríko Ìlú Ọba

Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò àgbọ̀nrín ní ìgbèríko Ìlú Ọba, iye owó lẹ́ǹsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Kò burú, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́ǹsì tó lè ya ẹran tó ti sá lọ. Imú ẹran náà ló yẹ kó kọ́kọ́ rò. Àgbọ̀nrín máa ń gbóòórùn èèyàn láti ọ̀nà jíjìn, kó tó di pé ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Bí òórùn náà bá sì ti kàn án, kò ní dúró wádìí bóyá ìbọn la gbé dání tàbí kámẹ́rà.

Nítorí náà, orí atẹ́gùn ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn ọdẹ wa ti ń ṣe látayébáyé náà ni àwọn ayàwòrán ń ṣe lórí òkè Scotland: kí atẹ́gùn máa ti ọ̀dọ̀ ẹran fẹ́ wá bá wa, kó má ṣe ti ọ̀dọ̀ wa lọ bá a. Àwọn mìíràn a máa fi ike àtíkè kékeré sápò. Wọ́n á fún un díẹ̀ sójú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì wo ibi tí eruku funfun náà gbà. Ilẹ̀ olókè ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó máa ń ṣàn láti orí òkè wá sí àfonífojì. Bí oòrùn bá ti mú ara òkè móoru, afẹ́fẹ́ á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ẹni tó gba ìsàlẹ̀ yọ́ lọ bá ẹran ní aago mẹ́fà àárọ̀ wà níbi tó dáa. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá, òórùn ara rẹ̀ ti ń gun òkè lọ ṣòfófó rẹ̀.

Ojú àgbọ̀nrín ò rí bíi tiwa. Ẹ̀gbẹ́ orí ló wà, nítorí náà ẹran náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn. Ohun tó bá mira, kíá ló rí i. Ohun tó dúró jẹ́ẹ́, kì í tètè dá a mọ̀. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ọsàn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sí i, ṣùgbọ́n búlúù hàn sí i kedere, irú ọṣẹ ìfọṣọ tó ń mú aṣọ tàn yanran sì máa ń fi kún búlúù náà. Ẹni tó fowó ńlá ra ẹ̀wù aláwọ̀ ewéko bíi ti sójà, tó wá fi irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ fọ̀ ọ́, tó tún wọ ṣòkòtò jíǹsì sí i, ara rẹ̀ ló tàn jẹ. Ìgbà tí ẹran bá tẹrí ba tó ń jẹko ni kéèyàn sún síwájú. Bó bá gbórí sókè, kéèyàn dúró gbagidi, kódà bí ẹsẹ̀ kan ò bá tíì kanlẹ̀. Ẹran náà gbọ́n o: ó máa ń díbọ́n bí ẹni pé òun fẹ́ máa jẹko lọ, á tún ṣàdédé gbórí sókè láti mọ ẹni tó ń mira. Ní ti etí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dá yí. Ẹ pa ohùn fóònù, kí ẹ sì lo ètò àìdún tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìgbàlódé.

Irú àgbọ̀nrín mẹ́fà ló ń rìn káàkiri Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n méjì péré ni ọmọ onílẹ̀ nínú wọn: àgbọ̀nrín pupa, àti èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní roe. Èyí pupa ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá nítorí ìwo rẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa ní ilé kì í bọ́. Tiwọn ń bọ́ lọ́dọọdún. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin ni akọ àgbọ̀nrín pupa máa ń já ìwo rẹ̀ sọnù. Tuntun á máa hù pẹ̀lú awọ onírun múlọ́múlọ́ lára, títí di oṣù kẹjọ tí ẹran á fi ara igi bó awọ náà kúrò. Ẹni tó bá lọ wá ìwo ńlá ní oṣù karùn-ún, èyí tó ṣì ń hù nínú awọ ló máa yà.

Láti ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni àgbọ̀nrín pupa máa ń gùn, àárín oṣù kẹwàá ló sì máa ń gbóná jù. Bẹ́ ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dún, ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ lọ. Akọ á máa bú ramúramù lórí àwọn abo tó kó jọ, kò ní ráyè jẹun, á rù. Á yíràá nínú ẹrọ̀fọ̀, á fi ìwo wú koríko, á máa gbé e kiri bíi fìlà. Bí akọ mìíràn bá dé, wọn kì í ṣàdédé jà. Wọ́n á kọ́kọ́ bú mọ́ra wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lọ sókè, bọ̀ nísàlẹ̀, tí oníkálukú ń wọn ẹnì kejì. Ọ̀pọ̀ ìgbà níbẹ̀ ni ọ̀kan á ti gbà pé òun ò tó o, á sì lọ. Ìrìn yìí ni àmì tí ayàwòrán ń retí. Bẹ́ẹ bá ti rí i, ẹ yára yí kámẹ́rà sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí wọ́n bá yíjú síra wọn báyìí, ìwo ti kọlu ìwo.

Ẹran tó dúró jẹ́ẹ́ kò nílò irú ìyára bẹ́ẹ̀. 1/250 lè tó bí lẹ́ǹsì bá ní ohun tó ń dá gbígbọ̀n dúró. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni àgbọ̀nrín ń jẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í pọ̀ nígbà náà, torí náà ẹ má bẹ̀rù láti gbé ISO dé 3200. Fọ́tò tó rí ṣákiṣàki díẹ̀ sàn ju èyí tó dàrú lọ. Lẹ́ǹsì 300 sí 600 mìlímítà la nílò. Ẹ gbé e lé àpò kékeré tí ẹ di ẹ̀wà sí, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ títí ojú yín á fi bá ojú ẹran dọ́gba. Ojú ẹran náà ni kí kámẹ́rà mú. Bí kùrukùru bá bolẹ̀, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ àwòrán di dúdú. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un ní ìwọ̀n kan. Bí òtútù bá mú, tí oòrùn sì wà lẹ́yìn ẹran náà, èémí ẹnu akọ tó ń bú á yọ bí èéfín oníwúrà.

Fún ará Lọ́ńdọ̀nù, Richmond Park ni ibi tó dára láti fi kọ́ iṣẹ́. Ọba Charles Kìíní ló mọ odi yí i ká ní 1637, àgbọ̀nrín tó lé ní 600 ló sì wà níbẹ̀. Èèyàn ti mọ́ wọn lára, nítorí náà ọ̀rọ̀ atẹ́gùn kò le tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 50 mítà ni kéèyàn jìnnà sí wọn, ó kéré tán, akọ tó ń gùn sì lè pa èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ ti ìgbẹ́ gan-an, kó lọ sí Exmoor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí òkè àríwá Scotland. Ní Scotland, òfin ọdún 2003 fún gbogbo èèyàn láyè láti rìn lórí ilẹ̀ olóko, bí wọn ò bá ti ba nǹkan jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí jù, àyàfi bí òfin tàbí onílẹ̀ bá gbà. Níbi méjèèjì, ẹ béèrè bóyá àwọn ọdẹ ń yìnbọn lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, abo máa ń fi ọmọ tuntun pa mọ́ sínú koríko, á lọ jẹ̀. Ọmọ náà kò sọnù o. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má dúró tì í ya fọ́tò, nítorí ìyá rẹ̀ wà nítòsí, kò sì ní wá bí ẹ bá ṣì wà níbẹ̀. Ní tèmi, kò sí fọ́tò tó yẹ ká torí rẹ̀ febi pa ọmọ ẹran.

Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún àti abẹ́ apá, nítorí ibi tí àgbọ̀nrín bá pọ̀ sí ni eégbọn náà ń pọ̀ sí. Bí awọ ara bá wá pọ́n roboto yí ojú ibi tó jẹ ká ní ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti wà nínú igbó àgbọ̀nrín.